Niútírà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Iná Fáàsì Mẹ́ta Lóde Àríyá

Ohun méjì tó dà bíi pé wọ́n takora máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lóde àríyá ńlá. Ní apá kan kánópì, gílóòbù á máa ṣẹ́jú, fáànù á máa yí jẹ́jẹ́, ẹ́síì á sì kọ̀ láti gbéra. Ní apá kejì, iná á mọ́lẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, òórùn wáyà jíjó á gba afẹ́fẹ́, míkísà DJ àti ṣájà kọ̀ǹpútà á sì kú. Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo wọn. Kíá ni àwọn ènìyàn á ti di ẹ̀bi ru ẹni tó fi jẹnẹrétọ̀ háyà, wọ́n á ní ẹ̀rọ rẹ̀ ń gbé iná jù. Oníná tó mọ̀ díẹ̀ nínú iṣẹ́ á ní ẹrù orí fáàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò dọ́gba. Àlàyé oníná yìí sún mọ́ òtítọ́ ju ti àwọn tó kù lọ, ṣùgbọ́n kò tíì débẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ nínú orí yìí ni pé níbi tí gbogbo wáyà bá ti dúró ṣinṣin, àìdọ́gba ẹrù kì í ba ẹ̀rọ jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Niútírà tó tú, tó já tàbí tó tínrín ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ ló ń sọ àìdọ́gba di àdánù. Ẹni tó bá lóye èyí á mọ ibi tó yẹ kí òun kọ́kọ́ gbé mítà lé kí àlejò tó dé.

Iná fáàsì mẹ́ta ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1891, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí Mikhail Dolivo-Dobrovolsky wà lára wọn fi irú iná yìí ránṣẹ́ láti Lauffen dé ìlú Frankfurt ní Jámánì, ọ̀nà tó tó kìlómítà 175, láti ìgbà náà ló sì ti gba ayé kan. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Bí obìnrin mẹ́ta bá ń gún iyán nínú odó kan, wọn kì í sọ ọmọ odó kalẹ̀ pọ̀. Ti èkíní á balẹ̀, ti èkejì á tẹ̀ lé e, ti ẹ̀kẹta á tẹ̀ lé ìyẹn, àlàfo tó wà láàárín wọn á sì dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà iná mẹ́ta tó jáde láti ara jẹnẹrétọ̀ ń ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́ta ìyípo kan ni ọ̀kan fi ń ṣáájú èkejì. Nítorí náà, bí a bá gbé mítà sáàárín fáàsì kan àti niútírà, a ó rí fóòtì 230. Bí a bá gbé e sáàárín fáàsì méjì, a kò ní rí 460 bí ẹni tó kàn ro méjì pọ̀ ṣe lè rò. Nǹkan bíi 400 ni a ó rí, nítorí pé fáàsì méjèèjì kì í dé òkè lásìkò kan náà. Kí ẹ jọ̀wọ́ fi iye méjèèjì yìí sọ́kàn, 230 àti 400. Gbogbo ewu tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà láàárín wọn.

Iṣẹ́ niútírà ni láti dá kọ́rẹ́ǹtì tí ẹrù lò padà sí ìdí jẹnẹrétọ̀. Àmọ́ bí kọ́rẹ́ǹtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ti í dé lásìkò kan náà, wọn kì í ṣe ohun tí a lè kàn ro pọ̀. Bí ọ̀kan ti ń lọ ni òmíràn ń bọ̀, èyí tó ń bọ̀ á sì pa èyí tó ń lọ rẹ́. Bí fáàsì kọ̀ọ̀kan bá ń gbé ámpíà 30, wọ́n á pa ara wọn rẹ́ tán pátápátá, niútírà kò sì ní gbé nǹkan kan. Bí fáàsì àkọ́kọ́ bá ń gbé ámpíà 60 nítorí pé ẹ̀rọ agbóúnjẹgbóná àwọn olóúnjẹ àti ẹ́síì méjì wà lórí rẹ̀, tí èkejì ń gbé 20 fún iná orí ìtàgé, tí ẹ̀kẹta sì ń gbé 10 péré fún míkísà, kọ̀ǹpútà àti amplifáyà, àròpọ̀ ẹrù kò yí padà, 90 náà ni. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí niútírà ń gbé nǹkan bí ámpíà 46. Òde kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà ni, ibi tí wọ́n so wọ́n sí nìkan ló yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ yìí ṣe gbogbo ìṣirò wa, kí a sì ka ẹrù náà sí ẹrù tí kò ṣe ju kó sọ iná di ooru lọ, kí ìṣirò má baà lọ́jú pọ̀.

Ká ní mítà 50 ni jẹnẹrétọ̀ fi jìnnà sí kánópì, tí wáyà kọ́pà oní-16 mm² sì so wọ́n pọ̀. Wáyà bẹ́ẹ̀ ní ìdènà tó tó ohmu 0.07 fún okùn kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá ti gbóná. Bí ẹrù bá dọ́gba ní ámpíà 30 lórí fáàsì kọ̀ọ̀kan, fóòtì 228 ni yóò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ 60, 20 àti 10, fáàsì tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù á gba fóòtì 223, èyí àárín á gba 230, èyí tí ẹrù rẹ̀ kéré jù á sì gba 231. Ìyẹn ni pé fáàsì kẹta gba ju ohun tí jẹnẹrétọ̀ gan-an ń gbé jáde lọ, nítorí pé fóòtì tó sọnù lórí niútírà ni ó jèrè rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn oníná fi máa ń sọ pé àìdọ́gba ń gbé iná apá kan sókè, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ẹ wo bí ó ti kéré tó. Ìlànà iná ilẹ̀ Yúróòpù, EN 50160, fàyè gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sókè àti sísàlẹ̀ 230, ìyẹn láti 207 dé 253. Iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a rí yìí wà nínú ààyè náà dáadáa. Kò sí míkísà tí fóòtì 231 lè jó. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní àìdọ́gba ẹrù nìkan ló ba ẹ̀rọ òun jẹ́, ìṣirò kò gbè é.

Ẹ wá jẹ́ kí a yọ niútírà kúrò nínú àpẹẹrẹ kan náà, kí a má fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Bóyá nọ́ọ̀tì tó dè é ti tú, bóyá ẹnu wáyà ti jó láàárín bọ́ọ̀dù. Kọ́rẹ́ǹtì tó yẹ kó gba ibẹ̀ padà kò rọ́nà mọ́, nítorí náà á gba inú ẹrù àwọn fáàsì yòókù kọjá. Báyìí ni àwọn ẹ̀rọ tó jókòó jẹ́jẹ́ sábẹ́ fóòtì 230 ṣe di èyí tí wọ́n so tẹ̀ léra wọn sáàárín fóòtì 400. Nígbà tí wọ́n bá sì so ẹrù méjì tẹ̀ léra báyìí, èyí tó kéré ló máa ń gba fóòtì tó pọ̀ jù. Nínú àpẹẹrẹ wa, fáàsì tó gbé 60 á já sí fóòtì 117, èyí tó gbé 20 á gùn dé 290, èyí tó gbé 10 á sì dé 319. Ìdáhùn sí àdììtú ìbẹ̀rẹ̀ orí yìí nìyẹn. Apá ibi tí ẹ́síì àti ẹ̀rọ olóúnjẹ wà ń kú lọ nítorí fóòtì 117, apá ibi tí DJ wà ń jó nítorí 319. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ jù lọ ló ń san gbèsè, bẹ́ẹ̀ ohun èlò rẹ̀ ló sì máa ń gbówó lórí jù. Bí ẹrù bá dọ́gba ní 30 lórí fáàsì kọ̀ọ̀kan nígbà tí niútírà já, 230 náà ni gbogbo wọn á máa gbà, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ti ṣẹlẹ̀. Àìdọ́gba àti niútírà tó já ní láti pàdé kí ìjàǹbá tó wáyé.

Ó yẹ kí a wo ohun tí fóòtì 319 ń ṣe nínú ẹ̀rọ gan-an. Iye tí mítà ń kọ kì í ṣe òkè tí iná ń dé. Iná 230 ń gun òkè dé nǹkan bíi 325 nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà 50 ní apá kan, nígbà 50 ní apá kejì. Nínú ṣájà, míkísà àti ọ̀pọ̀ amplifáyà òde òní, iná tó bá wọlé á kọ́kọ́ kún inú kapásítọ̀ kan tó dúró gbàgìdì bí agolo kékeré lórí pákó iná. Tí ẹ bá wo ara rẹ̀, ẹ ó rí i pé 400V ni wọ́n kọ sí ọ̀pọ̀ wọn, òmíràn 450V. Àlàfo wà láàárín 325 àti 400, ìdí sì nìyí tí ẹ̀rọ fi máa ń pẹ́. Àmọ́ òkè iná 319 jẹ́ nǹkan bíi 451. Kapásítọ̀ náà á wú, orí rẹ̀ á là, omi inú rẹ̀ á sì dà jáde. Bí ẹ̀rọ náà bá ní ẹ̀yà kékeré tó dà bí ẹyọ owó aláwọ̀ búlúù, èyí tí wọ́n fi ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ àrá, fóòtì 275 ni ọ̀pọ̀ wọn lè fara dà títí. Ní 319, á bẹ̀rẹ̀ sí í gba kọ́rẹ́ǹtì, á gbóná, á sì bẹ́ kí wọ́n tó pa jẹnẹrétọ̀. Òórùn jíjó tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ kò ju èyí lọ.

Kí ló dé tó jẹ́ òde àríyá ni niútírà ti máa ń tú jù? Ilé gbígbé ní wáyà tó wà nínú ògiri fún ogún ọdún tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ní òde, wọ́n ń so wáyà lálẹ́, wọ́n ń tú u ní òwúrọ̀, wọ́n ń ká a, wọ́n ń jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n á tún so ó nílùú mìíràn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un so ni nọ́ọ̀tì lè ṣẹ́ kù díẹ̀ kó fún. Àwọ̀ wáyà tún ń dá kún un. Lábẹ́ ètò àtijọ́ tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ Bírítéènì, pupa, yẹ́lò àti búlúù ni fáàsì, dúdú ni niútírà. Ní ọdún 2004, Bírítéènì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò Yúróòpù, nínú èyí tí búráwùn, dúdú àti àwọ̀ eérú jẹ́ fáàsì, tí búlúù sì jẹ́ niútírà. Ẹ kíyè sí i pé búlúù àti dúdú pààrọ̀ iṣẹ́. Níbi tí wáyà ètò méjèèjì bá ti pàdé lórí bọ́ọ̀dù kan, ẹni tó fi ojú nìkan ṣe iṣẹ́ lè so fáàsì sí ibi niútírà, fóòtì 400 á sì dé orí ẹ̀rọ tó fẹ́ 230. Kí fáàsì má baà gbé iná wọlé láìsí niútírà ni àwọn tó ń lo ìsopọ̀ Powerlock fún orí ìtàgé ńlá fi ń tẹ̀ lé ètò kan láìyẹsẹ̀. Wáyà ilẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ so, lẹ́yìn rẹ̀ niútírà, kí fáàsì kankan tó wọlé. Bí wọ́n bá fẹ́ tú u, fáàsì ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ, niútírà tẹ̀ lé e, wáyà ilẹ̀ ni ìgbẹ̀yìn.

Àwọn kan á ní kò sí ohun tí a fẹ́ máa dààmú fún, búrékà á já. Búrékà ń ṣọ́ kọ́rẹ́ǹtì, kò mọ fóòtì. Nígbà tí niútírà bá já, kọ́rẹ́ǹtì orí fáàsì tó wúwo máa ń dín kù ni, nítorí náà búrékà rẹ̀ kò rí ìdí kankan láti já. Fún fáàsì tó fúyẹ́, kọ́rẹ́ǹtì lè gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sún mọ́ iye tí búrékà ń dúró dè. Àwọn mìíràn gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ tí ń já iná bí kọ́rẹ́ǹtì bá ń sá wọ ilẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn wúlò fún ẹ̀mí ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́. Àmọ́ níbi tí niútírà ti já, gbogbo kọ́rẹ́ǹtì tó jáde lórí fáàsì kan ló ń gba orí fáàsì mìíràn padà. Kò sí èyí tó sọnù, nítorí náà ẹ̀rọ náà kò rí nǹkan kan. Sítébíláísà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà ni kò ní ààyè fún fóòtì 319, àwọn fúnra wọn ló sì máa ń kọ́kọ́ jó.

Àtakò tó léwu jù ni ti àwọn tó ń sọ pé bí niútírà kò bá dára, kí a ri irin mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánópì, kí a so niútírà mọ́ ọn, ilẹ̀ á gbé e padà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí irin náà àti ilẹ̀ yíká rẹ̀ bá ní ìdènà ohmu 20, èyí tó dára fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, bí gbogbo fóòtì 230 bá tiẹ̀ ń tì í, ámpíà 11 àti díẹ̀ ni yóò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ámpíà 46 ni a nílò. Ilẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ wáyà kọ́pà. Ohun tó burú jù ni pé níbi tí wọ́n ti so niútírà tó já mọ́ ara irin ẹ̀rọ, fóòtì tó ṣí kúrò nípò á gun ara irin wọnnì. Ẹni tó di máíkì onírin mú, tó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tútù, ló máa mọ̀ ọ́n lára. Irin ilẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀ ní ìdí jẹnẹrétọ̀, níbi tí wọ́n ti so ìpàdé fáàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ara ẹ̀rọ àti ilẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó yẹ kó fi í dípò niútírà.

Àtakò tó mọ́gbọ́n dání jù ni èyí: bí niútírà tó já kò bá ń pa ẹrù tó dọ́gba lára, ṣé kò ní dára kí a kàn mú ẹrù dọ́gba, kí a fi niútírà sílẹ̀? Ìdí méjì ló dènà rẹ̀. Èkíní ni pé ẹrù òde àríyá kì í dúró sójú kan. Ẹ́síì ń wọlé, ó ń jáde, iná orí ìtàgé ń tàn, ó ń kú pẹ̀lú orin, olóúnjẹ ń yọ ẹ̀rọ rẹ̀ lásìkò tó wù ú. Ìdọ́gba tí oníná ṣe ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í sí mọ́ ní agogo mẹ́sàn-án. Èkejì jinlẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ iná LED, dímà àti amplifáyà kì í fa kọ́rẹ́ǹtì wọ́ọ́rọ́wọ́, fìrì-fìrì ni wọ́n ń já a gbà nígbà tí iná bá dé òkè. Irú ìfà bẹ́ẹ̀ ń bí ìgbì mìíràn tó ń lọ nígbà 150 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdá mẹ́ta ìyípo iná gidi jẹ́ odindi ìyípo kan fún ìgbì yìí, nítorí náà ti fáàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dé orí niútírà pa pọ̀. Wọn kì í pa ara wọn rẹ́, ńṣe ni wọ́n ń ro pọ̀. Níbi tó bá burú dé òpin, kọ́rẹ́ǹtì orí niútírà lè tó ìlọ́po 1.73 ti fáàsì kọ̀ọ̀kan, bí ẹrù tilẹ̀ dọ́gba rẹ́gí. Ẹni tó bá fi wáyà tínrín ṣe niútírà nítorí pé ẹrù dọ́gba ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ jó o.

Ṣé ìdọ́gba ẹrù wá di ohun tí kò wúlò ni? Rárá o. Jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ nílò rẹ̀. Ní ọdún 1918, Charles Fortescue fi ìṣirò hàn ní Amẹ́ríkà pé gbogbo fáàsì mẹ́ta tí kò dọ́gba ni a lè pín sí apá tó dọ́gba, lára èyí tí ọ̀kan ń yí síwájú, tí òmíràn sì ń yí sẹ́yìn. Apá tó ń yí sẹ́yìn yìí kò ṣiṣẹ́ kankan fún ẹnikẹ́ni, ó kàn ń mú àárín jẹnẹrétọ̀ tó ń yí gbóná ni. Àwọn mọ́tò fáàsì mẹ́ta, irú èyí tí ń gbé sípíkà àti iná sókè lórí ìtàgé, ń jẹ nínú ìyà náà. Bí fóòtì fáàsì sí fáàsì bá yàtọ̀ ní ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún, ìyàtọ̀ kọ́rẹ́ǹtì inú mọ́tò lè tó ìlọ́po mẹ́fà sí mẹ́wàá ìyẹn. Àjọ NEMA ní Amẹ́ríkà sọ pé bí ìyàtọ̀ fóòtì bá ti kọjá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n dín iṣẹ́ mọ́tò kù, bí ó bá sì kọjá ìdá márùn-ún, kí wọ́n má lò ó rárá. AVR tí ń ṣàkóso fóòtì jẹnẹrétọ̀ tún wà níbẹ̀. Àwọn kan ń wo fáàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn kan ń wo ọ̀kan tàbí méjì. Bí fáàsì tó ń wò bá jẹ́ èyí tó wúwo jù, á rò pé fóòtì ti lọ sílẹ̀, á gbé gbogbo rẹ̀ sókè, fáàsì tó fúyẹ́ á sì gba àpọ̀jù. Nítorí náà, ẹ mú ẹrù dọ́gba kí jẹnẹrétọ̀ lè pẹ́, kí ìjàǹbá sì fúyẹ́ bí niútírà bá já. Ẹ má ṣe fi ìdọ́gba dípò niútírà tó dúró ṣinṣin.

Kì í ṣe òde àríyá nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀: àwọn ará àdúgbò pẹ̀lú ń da ìdọ́gba ẹrù rú láìmọ̀. Nígbà tí iná fáàsì kan bá rẹlẹ̀ ládùúgbò, gbogbo ilé á sáré yí fúúsì wọn sí fáàsì tó lágbára. Láàárín wákàtí kan, fáàsì tó lágbára yẹn á di èyí tó rẹlẹ̀ jù, niútírà orí òpó á sì máa gbé ẹrù tí kò gbé tẹ́lẹ̀. Bí ìsopọ̀ rẹ̀ lórí òpó bá ti ń jẹrà, ilé tó dúró jẹ́jẹ́ lórí fáàsì tó fúyẹ́ ni tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ máa jó.

Ohun tó yẹ kí oníná ṣe kò pọ̀, kò sì gbówó lórí. Kí ó yan niútírà tó nípọn tó fáàsì, ó kéré tán. Kí ó má fi fúúsì tàbí súwíìṣì tó lè já niútírà nìkan sójú ọ̀nà rẹ̀ láé. Kí ó fún gbogbo nọ́ọ̀tì niútírà láti ìdí jẹnẹrétọ̀ dé bọ́ọ̀dù tó kẹ́yìn, kí ó sì fi mítà wọn fóòtì fáàsì kọ̀ọ̀kan sí niútírà kí ẹ̀rọ ohùn tó wọlé. Kí ó tún un wọ̀n nígbà tí ẹrù bá ti gorí iná, nítorí niútírà tó tú díẹ̀ kì í fara hàn títí kọ́rẹ́ǹtì á fi gba inú rẹ̀ kọjá. Níbi tí owó bá wà, ẹ̀rọ tí ń wo fóòtì fáàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí niútírà, tó sì ń já gbogbo iná bí ọ̀kan bá kúrò láàárín 207 sí 253, kò wọ́n tó míkísà kan. Ìlànà BS 7909 tí Bírítéènì kọ fún iná onígbà díẹ̀ níbi eré àti ayẹyẹ ní kí ẹnì kan pàtó gba iṣẹ́ iná sọ́rùn, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó lò ó. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣètò àríyá níhìn-ín náà máa béèrè orúkọ ẹni náà kí wọ́n tó sanwó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ẹni tó máa se oúnjẹ. Bí iná bá tún ṣe ségesège lóde, tí apá kan ń kú, tí apá kejì ń jó, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ dúró jiyàn lórí ẹrù tó pọ̀ tàbí jẹnẹrétọ̀ tó burú. Kí wọ́n kọ́kọ́ pa á, kí wọ́n sì tọ niútírà láti ìdí dé òpin.